Ta Ló Máa Wà Níbẹ̀ Lóṣù Kọkànlá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Ìkìrun ni mí, mo ń kàwé gboyè kejì ní Leeds. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ fẹ́ lọ sí Uganda lóṣù keje, ní agbègbè Busoga, nítòsí Kamuli. Àwa méjìlá la ń lọ, ọ̀sẹ̀ márùn-ún la máa lò. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni pé a máa ṣe olùtọ́sọ́nà fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú ọmọ márùn-ún, kí a sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan fún abúlé kí iṣẹ́ wa má baà parẹ́ bí a bá ti lọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń wá £2,800, mo sì ti rí ìdajì temi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé èmi nìkan ni ọmọ Áfíríkà láàárín wọn. Gbogbo ohun tí kò bá yé wọn, èmi ni wọ́n ń bi, èmi náà ò sì dé Uganda rí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo la ṣe lè ṣe é tí yóò fi wúlò fún àwọn tí à ń lọ bá, tí kò ní jẹ́ pé fọ́tò la kàn lọ yà? Àbí kí n má lọ rárá?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jẹ́ kí n ti ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀gá ìmọ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀. Láti Ìkìrun dé Kamuli jìn ju láti Leeds dé Moscow lọ. Bí ọmọ Leeds kan bá ní òun mọ ìṣe ará Moscow torí pé Yúróòpù ni ìlú méjèèjì wà, ẹ̀rín lo máa fi rín. Lóòótọ́, o máa rí ohun tó jọ tilé. Obìnrin Busoga máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Pòṣó tí wọ́n ń fi ẹ̀wà jẹ, túwó àgbàdo ni, ata inú ọbẹ̀ nìkan lo máa wá tì. Ìjọra yẹn gan-an ló sì máa tàn ọ́ jẹ. Ẹni tó mọ̀ pé àlejò lòun a máa béèrè. Ẹni tó rò pé ilé òun lòun wà, ohun tí kò mọ̀ ni yóò máa dáhùn. Sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lónìí pé o ò mọ Busoga. Ojú lè tì ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ló máa lé gbogbo yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìyẹn tán. Èyí tó kù gùn.

Mi ò ní kí o má lọ. Ohun tí mo ní ni pé, bí ẹ ṣe tò ó sílẹ̀ yìí, ó máa dùn mọ́ ẹ̀yin méjìlá, ó sì lè ṣe ọgọ́ta ọmọ léṣe. Kàlẹ́ńdà ni kí o kọ́kọ́ mú jáde. Oṣù keje lẹ máa dé, ẹ máa kúrò kí oṣù kẹjọ tó dá sí méjì. Sáà kejì ilé ìwé ní Uganda kì í sì í tán títí di ọwọ́ ìparí oṣù kẹjọ, nítorí náà ẹnu ẹ̀kọ́ lẹ máa bá àwọn ọmọ, ẹ ò ní bá wọn nínú ìsinmi. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé lẹ máa rí wọn. Àwọn tó wà ní S4, ìyẹn kíláàsì kẹrin girama, ara wọn ò ní balẹ̀ rárá, torí pé láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni wọ́n máa jókòó ìdánwò UCE, tó jẹ́ àbúrò WAEC tiwa. Níbo lẹ máa wà nígbà yẹn? Inú láíbìrì ní Leeds ni, òtútù á ti mú. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tọ̀ mí wá kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló máa wà níbẹ̀ lóṣù kọkànlá?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mi ò mọ ìbéèrè yẹn bi. Ọmọ kan ló kọ́ mi.

Èmi ni mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá láti yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ìlú kékeré kan ní ìlà oòrùn Uganda nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la lò. A jó, a kọrin, a sunkún lọ́jọ́ tí a ń lọ, gbogbo wa gbà pé iṣẹ́ ti ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo padà lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ọmọbìnrin kan tó máa tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó yọ ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ jáde nínú àpò, ó sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Ó ti fi rúlà fa ilà sí ojú ewé náà, ó to ọjọ́ Àìkú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti déètì rẹ̀. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó fi bírò pupa yí méjì po nínú wọn. Olùtọ́sọ́nà rẹ̀ ló ti ṣèlérí fún un pé òun á máa pè é lórí fóònù ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì pè. Ọmọ náà ò bínú o. Ohun tó fẹ́ bi mí ni pé, "Ṣé nǹkan kan wà tí mo ṣe tí kò dáa ni?"

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ní ìdánwò, ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọ̀rẹ́kùnrin. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí èmi ni mo to iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo wá ka ìwádìí tí Jean Grossman àti Jean Rhodes gbé jáde ní 2002. Àwọn ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wò, àwọn tí ẹgbẹ́ Big Brothers Big Sisters ń bá fi àgbà kan tì. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá olùtọ́sọ́nà wọn rìn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù. Ṣùgbọ́n àwọn tí tiwọn já kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, ṣe ni iyì tí wọ́n fún ara wọn tún lọ sílẹ̀ sí i. Oṣù mẹ́ta nìyẹn o, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni tiyín.

Bí o bá rò ó dáadáa, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Nílé wa, ta ló ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Ọmọ iṣẹ́ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n tó ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Rírán ṣòkòtò nìkan kò gba ìgbà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ń wo ìwà rẹ̀, òun náà ń wo bí ọ̀gá ṣe ń bá oníbàárà tó jẹ gbèsè sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tí iná ò sí, bó ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tí ọjà ò tà. Ìtọ́sọ́nà ọ̀dọ́ ni gbogbo ìyẹn, àwa ò kàn fún un lórúkọ ni.

Kí o sì tó tọ́ ọmọ kan sọ́nà, mọ ohun tó ń fà á kúrò lójú ọ̀nà. Ní Busoga, ìrèké ni. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ńlá wà ní Kakira nítòsí Jinja, àwọn mìíràn sì ti kún un. Láti ọdún mélòó kan wá, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti fi ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin ọ̀dùnkún àti àgbàdo ṣe oko ìrèké, tàbí kí wọ́n fi háyà fún ẹni tó fẹ́ gbìn ín. Ìrèké á lé lọ́dún kan nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnìkan ò lè jẹ ewé rẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ gé ìrèké, tàbí tó lọ ń kó o sínú ọkọ̀, owó á bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó jókòó sí kíláàsì lè máà rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ. Bí ẹ bá dúró níwájú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń sọ fún un pé kí ó ní àfojúsùn ńlá, á pàtẹ́wọ́ fún yín, torí ilé ire ló ti wá. Lọ́jọ́ kejì ẹ ò ní rí i.

Tún fi ti Kòrónà kún un. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ti ilé ìwé pa pẹ́ tó Uganda lágbàáyé: láti oṣù kẹta 2020 títí di oṣù kínní 2022. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lóyún nílé, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wọ oko ìrèké tàbí kí wọ́n gun bodaboda, ìyẹn ọ̀kadà wọn. Wọ́n ṣí ilé ìwé tán, wọ́n ní kí ọmọ padà sí kíláàsì, ọmọ ti di bàbá. Àwọn àbúrò irú àwọn ọmọ yẹn lẹ fẹ́ lọ bá. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n wọn.

Ní Kamuli tí ẹ ń lọ yìí gan-an, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa kí ẹ tó tún kọ ìlànà yín. Láti 2006 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà ti ń lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi gígùn. Wọn kì í dá lọ bá àwọn ọmọ. Àwọn àti akẹ́kọ̀ọ́ Makerere, yunifásítì kan ní Uganda, ni wọ́n jọ ń ṣe é, ọmọ ilẹ̀ méjèèjì nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sí: wọ́n ń gbin oúnjẹ, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti oúnjẹ tó ń ṣara lóore, ohun tí wọ́n bá kórè sì ń wọ inú ìkòkò ọ̀sán ilé ìwé. O rí i pé ìrèké ni wọ́n dojú kọ, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Uganda ló ń mú un lọ lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti wọ bàálù, ọdún kan ò sì dá dúró, ọdún mìíràn ń bá a níbẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: ẹ má fi ara yín ṣe olùtọ́sọ́nà àwọn ọmọ náà. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ Makerere mẹ́fà tàbí méje tí wọ́n jẹ́ ọmọ Busoga. Wọ́n wà nínú ìsinmi gígùn tiwọn lóṣù keje. Wọ́n gbọ́ Lusoga, èdè ibẹ̀. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n jókòó UCE yẹn fúnra wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ bí oko ìrèké ṣe ń rí lójú ẹni tí ebi ń pa. Wọ́n máa wálé ọdún Kérésì, wọ́n máa wálé ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Àwọn lọmọ náà máa pè lóṣù kọkànlá. Iṣẹ́ tiyín ni láti dúró lẹ́yìn wọn: kí ẹ wá owó ọkọ̀ wọn àti owó ìpè fóònù, kí ẹ jọ ṣètò ohun tí wọ́n máa ṣe lóṣooṣù, kí ẹ máa rí ara yín lórí fídíò lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ẹ gbọ́ ibi tí ó ti le. Níwájú àwọn ọmọ, àlejò ni kí ẹ jẹ́. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní àlejò, bó bá lọ, kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé ẹ ò ní rí nǹkan kan ṣe ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Rárá o. Láti 2020 ni Uganda ti yí ẹ̀kọ́ girama wọn padà, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ti wọ inú rẹ̀: àwọn ọmọ ń ṣe ọṣẹ, wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n ń dá ọgbà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó mọ nǹkan kan lè wúlò fún olùkọ́ tó ní ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì. Mo ti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó kan, ọmọ jẹ́jẹ́, tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ìgbà tí a ti dé. Àwọn ọmọ mẹ́jọ kan ń ṣe ọṣẹ olómi, inú wọn ń dùn pé ó ń tà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ kọ iye tí ìgò kan ná wọn sílẹ̀. Wọ́n kọ owó èròjà, wọ́n kọ owó omi, wọ́n kọ owó ọkọ̀. Ó gbé ìgò náà sókè, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń yí i lọ́wọ́. Ọmọ kan ló kọ́kọ́ pariwo. Wọn ò ka owó ìgò mọ́ ọn! Láti bí oṣù mẹ́ta, àdánù ni wọ́n ti ń tà. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré nìyẹn, kò ṣèlérí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ yẹn kò sì bá a lọ.

Ó kan kànga ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé òun ló ń mú kí àwọn èèyàn dáwó fún yín, torí ó ṣeé yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n wò ó: ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ló máa gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ó kàn dúró máa wò wọ́n ni. Àti pé ihò kọ́ ló ń wọ́n jù, ìtọ́jú ni. Nígbà tí àwọn amòye omi ìgbèríko ṣe àkójọ rẹ̀ ní nǹkan bí 2009, nǹkan bí ẹ̀rọ ìfami kan nínú mẹ́ta ni kò ṣiṣẹ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ohun tó ń pa á kì í sábà tóbi: rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ, páìpù ti dógùn-ún, ẹni tó ń gba owó oṣooṣù ti kó lọ sí Kampala, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Uganda, ìjọba ti mú irú ẹ̀rọ kan náà fún gbogbo ìgbèríko kí ẹ̀yà ara rẹ̀ lè wà lọ́jà, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà káàkiri. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì omi ti agbègbè náà, kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ti kú hàn yín. Ẹ tún ọ̀kan ṣe pẹ̀lú ìgbìmọ̀ olómi abúlé, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún ìwé owó wọn bẹ̀rẹ̀. Kò ní dára nínú fọ́tò. Á fún wọn lómi.

Bí ẹnìkan bá ní ìyẹn kéré jù, sọ ìtàn PlayPump fún un. Ẹ̀rọ kan ni tí ọmọdé á máa gùn yí po bí ẹni ń ṣeré, tí omi á sì máa jáde. Ní 2006, wọ́n kéde $16.4 mílíọ̀nù fún un ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Ìwé ìròyìn The Guardian ti London wá ṣírò rẹ̀ ní 2009: kí ẹ̀rọ kan tó lè fún iye èèyàn tí wọ́n ṣèlérí lómi, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ máa ṣeré lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lójúmọ́. Níbi púpọ̀, àwọn ìyá àgbà ló padà ń fi ọwọ́ tì í.

A ò gbọ́dọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín jù, torí àwa náà ń ṣe é. Gba ojú ọ̀nà èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, o máa rí ibi ìdúró ọkọ̀ tí agùnbánirọ̀ kọ́, tí orúkọ rẹ̀ ṣì hàn gàdàgbà lára ògiri, tí páànù ti fò lọ, tí ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀. Ọdún kan gbáko ni agùnbánirọ̀ sì ń lò o. Nígbà tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ dá Technical Aid Corps sílẹ̀ ní 1987 láti máa fi olùkọ́, dókítà àti ẹnjiníà wa ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ọdún méjì ni wọ́n dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ò lè fi ọdún méjì sílẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yín lè ṣe é. Ẹgbẹ́ ò ní ìdánwò àṣekágbá. Engineers Without Borders ti Amẹ́ríkà mọ èyí: láti inú ìrìn àjò tí ọ̀jọ̀gbọ́n Bernard Amadei kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ láti Boulder lọ ṣe omi ní abúlé San Pablo ní Belize, ní 2001, ni ẹgbẹ́ náà ti hù. Lónìí, ẹ̀ka yunifásítì tó bá fẹ́ bá ìlú kan ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣèlérí ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Akẹ́kọ̀ọ́ á gboyè, á lọ. Ẹ̀ka á wà níbẹ̀. Torí náà, ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ yín pé ọdún mẹ́ta lẹ fi fún ilé ìwé yìí, kí ẹ sì rí i pé àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní wà láàárín àwọn tó ń lọ. Bí gbogbo yín bá jẹ́ ọlọ́dún kẹta àti onígboyè kejì, ta ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín?

Ẹ máa kíyè sí bí àwọn onílé ṣe ń dá yín lóhùn pẹ̀lú. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó mọ̀ pé kànga lẹ fẹ́ gbẹ́ á ní kànga gan-an làwọn ń wá. Bí ẹ bá ní gbọ̀ngàn eré lẹ fẹ́ kọ́, á ní òun náà lá àlá rẹ̀ lánàá. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa, ọmọlúàbí ni, kò sì mọ̀ bóyá ẹ máa bínú lọ. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, mi ò kì í bi í ní ohun tó fẹ́. Mo máa ń bi í pé: àwọn àlejò tó wá ṣáájú wa, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ tí ẹ ṣì ń lò? Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń ní kí ó fi èyí tí wọn ò lò mọ́ hàn mí. Yàrá kan máa ń wà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù.

Ní ti fọ́tò tí o ní ẹ ò fẹ́ torí rẹ̀ lọ, Ìbàdàn ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìyẹn. Ní oṣù kẹwàá 1961, àwọn Peace Corps àkọ́kọ́ tó wá sí Nàìjíríà, ìyẹn àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń rán jáde láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kọ káàdì pélébé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ṣàpèjúwe ìdọ̀tí àti ìgbé ayé àwọn èèyàn tó rí nígboro bí ohun tí ojú òun ò rí rí. Káàdì náà jábọ́ kó tó fi ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan he é, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri ọgbà, ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀, ọmọ náà sì ní láti padà sílé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà yẹn, àfi kí káàdì jábọ́ kí onílé tó rí ohun tí àlejò kọ nípa rẹ̀. Lónìí, ọmọ Kamuli tí ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram ní fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní fóònù, ìyá rẹ̀ á rí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè kà á sókè níwájú ìyá náà, ẹ má kọ ọ́. Kí ẹ má sì gbé ojú ọmọ kankan síta láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ àti ilé ìwé fọwọ́ sí i.

Ó ku owó. Méjìlá lọ́nà £2,800 jẹ́ £33,600. Bí gbogbo yín bá lọ, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, físà, abẹ́rẹ́ àti ìbùgbé ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí mo bá wà ní ipò yín, èèyàn mẹ́rin ni mo máa rán lọ́dún yìí. Owó àwọn mẹ́jọ yòókù ni mo máa fi san owó òṣìṣẹ́ ọmọ ìlú kan tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, owó ọkọ̀ àwọn ọmọ Makerere fún ọdún mẹ́ta, irúgbìn àti ọkọ́ fún ọgbà ilé ìwé, àti ẹ̀rọ omi kan tí ẹ tún ṣe. Mo mọ̀ pé ìjà máa wà lórí ẹni tó máa lọ. Ṣùgbọ́n sọ fún àwọn tó dáwó fún yín tààrà pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é, kí ẹ má fi owó kànga ra irúgbìn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Bí àjọ tó ń gbà yín lálejò bá fi ìbẹ̀wò sí ilé ọmọ aláìlóbìí kún ètò yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ló ní òbí láyé, àlejò tó ń wọlé tó ń jáde sì ni owó tó ń mú kí wọ́n máa kó ọmọ kún un. Ẹ béèrè ìlànà ààbò ọmọdé lọ́wọ́ wọn ní kíkọ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi tí ojú ò tó, kí ẹ má sì gba nọ́ńbà fóònù ọmọ tàbí fún un ní tiyín. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni kí gbogbo ìpè gbà.

Ìlera: Uganda máa béèrè yẹ́lò káàdì, irú èyí tí o fi ń wọ Nàìjíríà, torí náà wá tìrẹ níbi tí o fi í sí. Má sọ pé ibà mọ̀ ọ́ láti kékeré. Ẹni tó bá ti kúrò níbi tí ẹ̀fọn wà fún ọdún bíi mélòó kan, ara rẹ̀ ti ń gbàgbé. Oògùn tí àwọn ọmọ òyìnbó ń lò, ìwọ náà lò ó. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún Victoria, àtọ̀sí ajá wà nínú omi rẹ̀. Ohun tó sì lè ṣe yín léṣe jù níbẹ̀ ni ojú ọ̀nà: ẹ má gun bodaboda lálẹ́. Wo ìwé ìgbélùú rẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí o sì bi àwọn ará Uganda irú físà tó bá iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mu, torí ti arìnrìn-àjò afẹ́ lè máà tó.

O bi mí bóyá kí o lọ. Bí wọ́n bá gbà láti tún ìlànà yẹn kọ, lọ, kí o sì wà nínú àwọn mẹ́rin náà, torí ìwọ lo kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè tó yẹ. Bí wọ́n bá kọ̀, yọwọ́, kí o fi ìdajì owó rẹ padà fún àwọn tó dá a.

Kí o tó tún bá wọn ṣèpàdé, kọ lẹ́tà kan sí ọ̀gá ilé ìwé náà ní Kamuli. Má dárúkọ kànga, má dárúkọ owó. Bi í pé ta ni àwọn ọmọ S4 rẹ̀ máa ń lọ bá bí ọ̀rọ̀ ilé ìwé bá sú wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olùkọ́ kan, tàbí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ọmọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà. Orúkọ ẹni náà ni kí o gbé lọ sí ìpàdé. Bí èsì bá dé, fi ránṣẹ́ sí mi kí a jọ kà á.